Lẹ́tà sí Àkànní lórí òógùn òru

Ọ̀yọ́,
Oṣù Ògún.

Àkànní ọmọ mi,

Mo gbọ́ gbogbo ohun tí o sọ lórí fóònù lálẹ́ àná. O ní o máa ń jí lóru tí ẹ̀wù rẹ á ti rin gbingbin, o sì tún ti ra oògùn ibà ní kẹ́míìsì. Oògùn yẹn ló jẹ́ kí n jókòó kọ̀wé, nítorí ọ̀rọ̀ orí fóònù kì í pẹ́ létí rẹ.

Má ra oògùn ibà mọ́ láìṣe àyẹ̀wò. Lóòótọ́, ibà máa ń mú ni làágùn: òtútù á kọ́kọ́ mú èèyàn títí eyín á fi máa gbá ara wọn, ara á gbóná, nígbà tí ó bá wá ń rọlẹ̀ ni òógùn á bò ó. Ṣùgbọ́n ìwọ ní orí kò fọ́ ọ, ara rẹ kò gbóná, o sì ń jẹun dáadáa. Ìyẹn kò jọ ibà lójú èmi tí mo ṣe nọ́ọ̀sì títí mo fi fẹ̀yìntì. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ láti orí ìka, nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 sí 20, èsì ti dé. Bí kò bá sí ibà níbẹ̀, oògùn tí ò ń gbé mì kò rí nǹkan kan ṣe, ohun tó ń fa òógùn náà ló ń ráyè sí i.

Kí a tó dé ọ̀dọ̀ dókítà, wo ibùsùn rẹ. Nígbà tí mo wá kí ọ ní Under G, àdúgbò rẹ ní Ògbómọ̀ṣọ́, ọ̀rá tí wọ́n fi dì fóòmù rẹ wá láti ṣọ́ọ̀bù ṣì wà lára rẹ̀, o ní kó má baà dọ̀tí. Ya á kúrò. Ara máa ń fẹ́ tutù díẹ̀ kí oorun tó lè wọ̀ ọ́; bí ooru rẹ̀ kò bá rọ́nà jáde, òógùn ló máa fi tu ara rẹ̀ lára. Bẹ́ẹ̀dì-ṣíìtì dídán yẹn náà, ká a tì. Aṣọ òwú ló ń fa òógùn mu. Ṣí fèrèsé, ṣùgbọ́n má tú nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn. Yé jẹun lóru pẹ̀lú. Ọkà láfún Ògbómọ̀ṣọ́ kò ṣẹ̀, ata inú ọbẹ̀ rẹ̀ ni mò ń bá wí. Ọtí náà máa ń fà á. N kò bi ọ́ bóyá o ń mu ún.

Bó bá jẹ́ oṣù Ẹrẹ́nà ni, tí páànù ilé yín ti yá oòrùn láti àárọ̀, tí kò sì sí iná, ǹ bá ní kí o fara dà á. Ṣùgbọ́n ìborùn ni mo fi bora níbi tí mo ti ń kọ̀wé yìí. Bí o bá ti tún ibùsùn ṣe, tí aṣọ ṣì ń rin, ara rẹ ni kí a yẹ̀ wò, kì í ṣe yàrá.

Sọ gbogbo ohun tí o ń gbé mì fún dókítà. Oògùn ìrora bíi tramadol máa ń fa òógùn, àwọn oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn náà ń fà á. Èyí rán mi létí bàbá rẹ àti abẹ́rẹ́ insulin tó ń gbà fún àtọ̀gbẹ. Ìwọ lo máa ń sùn ní yàrá rẹ̀ nígbà ọlidé: bí òógùn bá bò ó lóru, tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò já gaara, ṣúgà ara rẹ̀ ló ti lọlẹ̀ jù. Omi ṣúgà ni kí o fún un, kì í ṣe fáànù. Bí kò bá lè gbé e mì, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù ni mo fi sẹ́yìn. Bí o bá ti ń wúkọ́ tó ọ̀sẹ̀ méjì, tí o ń rù, tí ara rẹ sì ń gbóná nírọ̀lẹ́, ikọ́ ife, TB, ni kí wọ́n kọ́kọ́ wò. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ ni wọ́n á gbà. Bó bá jẹ́ òun, ọ̀fẹ́ ni oògùn rẹ̀ nílé ìwòsàn ìjọba, oṣù 6 ni wọ́n sábà máa ń lò ó, ó sì ń sàn. Àwọn tí ara wọn yá díẹ̀, tí wọ́n dá oògùn dúró, ni mo rí tí wọ́n padà wá, tí oògùn ti àkọ́kọ́ kò sì ràn wọ́n mọ́. Fọwọ́ kan ọrùn àti abíyá rẹ pẹ̀lú. Kókó tó wú tí kò dùn ọ́, tí kò sì lọ, fi han dókítà, nítorí jẹjẹrẹ kan máa ń bẹ̀rẹ̀ báyẹn. Bí àyà bá ń já ọ láìnídìí, tí ooru ń mú ọ ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ lọ, sọ ọ́, wọ́n á wò ó bóyá gẹ̀gẹ̀ ni. Kí wọ́n sì yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ wò fún HIV. Má fajú ro. Gbogbo ẹni tó bá gbé irú ẹjọ́ yìí wá ni à ń yẹ̀ ẹ́ wò fún.

Ẹni tí ẹ jọ ń gbé yàrá, tó ní ayé ló ń ṣe ọ́, bá mi kí i. Kó máa gbàdúrà fún ọ, èmi náà ń gbà á. Àgbo rẹ̀ ni kó má bù fún ọ.

Lọ sí ilé ìtọ́jú inú ọgbà yunifásítì LAUTECH lọ́jọ́ Ajé, kí o sì kọ ọ́ sínú ìwé: òru wo ni o làágùn, ṣé aṣọ rin tàbí ó kàn tutù díẹ̀, kí ni tẹmómítà kà. Bó bá tó 38, ara gbóná nìyẹn. Bí wọ́n bá ní kí o lọ síwájú, dókítà kò wọ́n ní Ògbómọ̀ṣọ́: ilé ìwòsàn ńlá LAUTECH wà, Bowen tí àwa mọ̀ sí Baptist náà ti wà níbẹ̀ láti 1907.

Mo fi bẹ́ẹ̀dì-ṣíìtì òwú àti tẹmómítà rán dírẹ́bà kan tó ń ná Ògbómọ̀ṣọ́. Á pè ọ́ bó bá dé Tákíè. Má jẹ́ kó dúró dè ọ́, má sì fún un ní kọ́bọ̀, mo ti sanwó rẹ̀.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.