Ẹ̀sùn: Set-Cookie ń sọnù lẹ́nu nginx yín

Ẹ̀yin ọ̀gá wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni mo ń bójú tó wẹ́búsáìtì ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, orí server yín ló wà, a ò sì jẹ yín lówó rí. Látọjọ́ Mọ́ńdè làwọn ọmọ ẹgbẹ́ ò ti ráyè wọlé mọ́. Ìyá kan tó ń ta ẹja ní Tákíé wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, ó tẹ password ẹ̀ níṣojú mi, kó tó tẹ nǹkan kejì ó ti tún dá a padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀, ẹ̀ẹ̀marùn-ún ló ṣe é, ló bá ń bi mí pé ṣé kì í ṣe pé owó òun ti lọ. Ojú tì mí gan-an ni.

Mo kọ̀wé sí yín, ẹ ní code mi ló níṣòro. Rárá o. Mo wọ inú server, mo fi curl -i (àṣẹ tó ń fi èsì hàn pẹ̀lú àwọn ìlà orí ẹ̀) bá Gunicorn, ètò tó ń gbé code wa ṣiṣẹ́, sọ̀rọ̀ tààrà lórí 127.0.0.1:8000, nínú server náà fúnra ẹ̀, 302 (tó ní kí browser lọ sójú ìwé mìíràn) wà, Location (ibi tó máa lọ) wà, Set-Cookie (ìlà tó ń fún browser ní cookie, àmì tá a fi ń mọ ẹni tó ti wọlé) wà níbẹ̀ kedere. Mo tún dán an wò lẹ́ẹ̀kejì, mo wá gba ẹnu nginx yín, ètò tó dúró lẹ́nu ọ̀nà server, port 443 táwọn èèyàn ń gbà wọlé, 302 ṣì wà, Location ṣì wà, Set-Cookie ti pòórá. Wọ́n jọ kúrò nílé mi ni, ẹnu géètì yín ni ọ̀kan ti sọnù, báwo ló ṣe wá di ẹjọ́ mi?

Ó dá mi lójú pé cache tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn, ibi tí nginx ń kó èsì pamọ́ sí kó lè tún un lò, ló fà á. Nginx kì í dédé yọ Set-Cookie, tó bá rí i nínú èsì, ńṣe ló máa ń kọ̀ láti kó èsì yẹn sí cache, àfi téèyàn bá kọ proxy_ignore_headers (kó má ka ìlà náà sí) àti proxy_hide_header (kó yọ ọ́ kúrò) fún un, config yẹn ò sì sí lọ́wọ́ wa. Èyí tó tiẹ̀ ń dẹ́rù bà mí jù ni tàwọn tí cookie wọn àtijọ́ ṣì ń ṣiṣẹ́: tí cache bá kó ojú ìwé àkáǹtì wọn, iye owó Lágbájá lè hàn sí Tàmẹ̀dò. Owó ẹgbẹ́ nìyẹn o!

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ àwọn ìlà yẹn lónìí, ẹ pa cache fún gbogbo ojú ìwé tó bá ń béèrè password, ẹ da èyí tẹ́ ẹ ti kó tẹ́lẹ̀ nù. Kẹ́ ẹ sì fi ìlà tẹ́ ẹ yí padà gan-an ránṣẹ́ sí mi, "a ti tún un ṣe" nìkan ò tó, torí Sátidé nìpàdé wa, èmi ni mo máa dúró níwájú àwọn ìyá wọ̀nyẹn.

Èmi ni,
Akọ̀wé ẹgbẹ́, Ògbómọ̀ṣọ́