Ẹ kọ́ àwọn ọ̀dọ́ bí nǹkan ṣe ń yí nínú géèmù

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Ojú ìwé tí ẹ fi ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ bí a ṣe ń ṣe géèmù orí kọ̀ǹpútà ń ṣe wá láǹfààní púpọ̀, ṣùgbọ́n ó ń dùn mí pé àlàyé ibẹ̀ kì í kọjá bí nǹkan ṣe ń rìn síwájú àti bí ó ṣe ń já bọ́. Àpótí tí bọ́ọ̀lù bà ní etí tí kò sì yí rárá kò lè jọ ohun gidi.

Ẹni tó bá ti dúró ti fọkanáísà rí ti mọ ìdí ọ̀rọ̀ yìí: bí nọ́ọ̀tì táyà bá le koko, yóò ki páìpù irin bọ ìdí sípánà kí ọwọ́ rẹ̀ lè jìnnà sí nọ́ọ̀tì náà, agbára kan náà yóò sì tú u. Nínú géèmù, ẹ wọn bí ibi tí agbára ti ba nǹkan ṣe jìnnà tó sí àárín ìwúwo rẹ̀, ní ìbú àti ní òòró; ẹ ṣírò ìbú lọ́nà agbára tó kọrí sókè, kí ẹ sì yọ òòró lọ́nà agbára tó kọrí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kúrò nínú rẹ̀. Iye kan ṣoṣo ni yóò jáde, òun sì ni ipá yíyí.

Ibi tí àwọn tí mò ń kọ́ ti máa ń ṣìnà ni pé wọ́n á fi ìwọ̀n àpótí pín ipá yìí, nígbà tó jẹ́ pé bí ìwúwo rẹ̀ ṣe tàn káàkiri ló ń mú kí ó ṣagídí sí yíyí. Ẹ ro ìbú lọ́nà ìbú pọ̀ mọ́ gíga lọ́nà gíga, ẹ kà á lọ́nà iye kìlógíráàmù rẹ̀, kí ẹ pín in sí 12. Àpótí kìlógíráàmù 3, tó fẹ̀ ní mítà 2, tó sì ga ní mítà 1, yóò ní ìṣagídí 1.25. Bí agbára Newton 10 bá tì í sókè ní etí ọ̀tún, tó jìnnà sí àárín ní mítà 1, ipá yíyí rẹ̀ jẹ́ 10. Ẹ fi 1.25 pín in, ìyára yíyí rẹ̀ yóò máa fi rédíánì 8 (rédíánì la fi ń wọn bí nǹkan ṣe yí tó) fún ìṣẹ́jú àáyá kan lé sí i ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá fi 3 pín in yóò rí 3.33 péré, àpótí rẹ̀ á sì máa fà.

Àwọn kan á ní Box2D, àkójọ kóòdù tí Erin Catto ṣe fún ìṣirò bí nǹkan ṣe ń rìn nínú géèmù, ń ṣírò gbogbo rẹ̀ fúnra rẹ̀. Òótọ́ ni, èmi náà sì ń lò ó. Ṣùgbọ́n láìpẹ́ yìí, àpótí ọmọ kan ń yí bí òòyì nínú ìṣirò tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ, nítorí pé láti igun ojú kọ̀ǹpútà ló ti wọn ibi tí agbára bà, kì í ṣe láti àárín àpótí. Ọjọ́ méjì ló fi wá àṣìṣe náà.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ẹ̀kọ́ yìí síbẹ̀ kí ẹ tó dé orí bí nǹkan ṣe ń kọlu ara wọn.

Èmi ni tiyín,
Olùkọ́ kọ̀ǹpútà kan, Ìbàdàn