Ẹ̀yin tó fẹ́ kó wá sí Sípéènì láti Ìlú Ọba, ẹ gbọ́ ti padrón

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀kan nínú àwọn òǹkàwé yín kọ̀wé láìpẹ́ yìí pé tóun bá fẹ̀yìntì ní London, etíkun Sípéènì lòun ń lọ, nítorí pé ńṣe ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó wà níbẹ̀ ń yá oòrùn láìsí wàhálà. Torrevieja ni mò ń gbé, ní ìpínlẹ̀ Alicante. Àwọn arúgbó ni mò ń tọ́jú níbí, Gẹ̀ẹ́sì ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Wàhálà wà o.

Ẹnikẹ́ni tó bá ń gbé Sípéènì gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ nílé ìjọba ìbílẹ̀ ìlú tó wà. Ìwé orúkọ yẹn ni wọ́n ń pè ní padrón. Àwa ọmọ Áfíríkà kì í fi í ṣeré. Padrón ni ẹni tí kò ní pépà fi ń ka ọdún: ọdún mẹ́ta lòfin ń béèrè tẹ́lẹ̀ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ tó lè tọrọ ìwé ìgbélùú, ó di ọdún méjì láti oṣù Karùn-ún 2025. Kí èèyàn wa tó rí ibi gidi sùn, á ti máa wá ẹni tí yóò jẹ́ kó fi àdírẹ́sì rẹ̀ forúkọ sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n nígbà tí Ìlú Ọba wà nínú Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, ọ̀pọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò rí ìdí tí wọ́n fi máa lọ forúkọ sílẹ̀. Àwọn mìíràn ń sá fún owó orí. Wọ́n ra ilé, wọ́n gbé ibẹ̀ fún ọdún gbọọrọ, orúkọ wọn kò sí níbì kankan. Ìlú ló ń jìyà rẹ̀ pẹ̀lú, torí iye orúkọ inú padrón ni ìjọba àpapọ̀ ń wò kó tó pín owó fún ìlú kọ̀ọ̀kan.

Bàbá kan tí mò ń tọ́jú, ará Yorkshire, tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, wà nínú wọn. Brexit dé, Ìlú Ọba kúrò nínú àjọ náà. Wọ́n ní ẹni tó bá ti ń gbé Sípéènì kí ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá 2020 tó parí kò ní pàdánù ẹ̀tọ́ rẹ̀, àmọ́ kó mú ẹ̀rí wá. Ẹ̀rí dà? A tú gbogbo dúrọ́ọ̀ ilé, a ṣa ìwé owó iná, ìwé owó omi, ìwé báńkì, títí dórí ìwé oògùn, a tò wọ́n ní ọdún tẹ̀lé ọdún. Bàbá kò gbọ́ èdè Sípéènì ju kó kí èèyàn kó sì béèrè bíà lọ, nítorí náà èmi ni mo ń sọ̀rọ̀. Òṣìṣẹ́ tó dá wa lóhùn wo àwa méjèèjì, ó bi mí léèrè ta ló wá tọrọ ìwé nínú wa. Ọlọ́run bá wa ṣe é, wọ́n fún un ní káàdì ìgbélùú.

Ọ̀nà tí bàbá gbà wọlé ti dí. Ẹni tó bá fi ìwé ìrìnnà Ìlú Ọba wọlé lónìí, ọjọ́ 90 nínú 180 ló ní. Físà àwọn tó fẹ́ pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ láìṣiṣẹ́ ń béèrè owó tó ń wọlé tó 2,400 yúrò lóṣù ní 2025, pẹ̀lú 600 fún ọkọ tàbí aya. Owó ìfẹ̀yìntì ìjọba Ìlú Ọba nìkan kò lè dé ibẹ̀. Mo mọ ohun tó ń fa ojú àwọn èèyàn wa mọ́ra. Ẹni tó bá padà sí Nàìjíríà, iye tí owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ jẹ́ nígbà tó dé ni yóò máa jẹ́ títí. Ní Sípéènì, ó ń lé sí i lọ́dọọdún. Ìyẹn ò dáa rárá, ó sì yẹ kí ìjọba Nàìjíríà bá ìjọba Ìlú Ọba sọ ọ́.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti ilé ìwòsàn. Níbí, bíi tilé wa, ẹbí ní í sùn ti aláìsàn, tí í bu omi fún un, tí í ràn án lọ́wọ́ jẹun. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí ọmọ wọn wà ní Leeds àti Kent máa ń dùbúlẹ̀ láìsí ẹnì kankan lórí àga ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọn ò sì lè ṣàlàyé ibi tó ń dùn wọ́n. Tí wọ́n bá kú, ìsìnkú kì í sábà kọjá ọjọ́ méjì. Àwọn ọmọ á ṣì máa wá tíkẹ́ẹ̀tì. Mo tún mọ opó Gẹ̀ẹ́sì kan tó wọ ẹgbẹ́ akọrin habanera, orin tí àwọn atukọ̀ gbé ti Cuba wá sílùú wa. Ó ṣubú, ó fi ìbàdí ṣẹ́. Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ náà pín òru láàrin ara wọn, àga rẹ̀ kò ṣófo lálẹ́ kankan.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tẹ lẹ́tà yìí kí òǹkàwé yẹn lè rí i. Tó bá ṣì ń bọ̀, kó ti London bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ èdè, kó gba ìwé S1 lọ́dọ̀ NHS, ìyẹn ìwé tí Ìlú Ọba fi ń gbé owó ìtọ́jú ìlera ẹni tó ń gba owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ní Sípéènì, kó sì lọ sílé ìjọba ìbílẹ̀ lọ́sẹ̀ tó bá dé, pẹ̀lú ìwé ìrìnnà àti ìwé ilé rẹ̀. Tó bá jẹ́ Torrevieja ló wá, èmi á bá a dé ibẹ̀.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Torrevieja, Sípéènì