Bóòtù kọ́ ló ń fa jíà mọ́ ẹ́ńjìnnì

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ọ̀nà Iléṣà sí Ifẹ̀ ni mo ń ná. Jíà ọkọ̀ mi, Camry onígíà ọ̀tọ́máàtì, kú mọ́ mi lọ́wọ́ ní Òṣú. Mo ra tòkunbọ̀, mo gbé e fún mẹkáníìkì kan. Jíà ku bí ìka méjì kó kan ẹ́ńjìnnì, ni ọmọkùnrin yìí bá mú sípánà, ó ń fi bóòtù fà á wọlé. Mo gbọ́ "kàá!" Ó ní kò séwu. Ọkọ̀ ò kúrò lójú kan: pọ́ǹpù inú jíà ti fọ́.

Bàbá àgbà kan ní Ìsọ̀kùn ló bá mi tún un ṣe. Wọ́n gbé tọ́ọ̀kì, irin rìbìtì tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì fún jíà, tó wúwo bí ọlọ (mo gbé e wò, ẹ̀yìn mi ò gbàgbé), wọ́n ń yí i wọnú jíà díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń wá ojú kọ́kọ́rọ́ lókùnkùn. Ó wọlé, ó tún wọlé, ó tún wọlé ṣinṣin. Kò wọlé tán lọ́wọ́ ọmọkùnrin àkọ́kọ́ tó fi ń fi bóòtù fà á, ohun tó fọ́ pọ́ǹpù nìyẹn. Wọ́n wá fi jáàkì gbé jíà, wọ́n ń wo àlàfo àárín òun àti ẹ́ńjìnnì lókè nílẹ̀ títí píìnì méjèèjì tó ń mú wọn ṣe déédéé fi bọ́ sínú ihò wọn. Ọwọ́ lásán ni wọ́n fi tì í kan ẹ́ńjìnnì. Kí wọ́n tó fún bóòtù kankan, wọ́n yí tọ́ọ̀kì wò. Ó ń yí wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ẹ̀yin ọ̀gá mẹkáníìkì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí han àwọn ọmọṣẹ́ yín. Ti èmi, ẹni àkọ́kọ́ ò tíì dá kọ́bọ̀ padà.

Awakọ̀ kan, Iléṣà