Lẹ́tà sí àbígbẹ̀yìn bàbá mi, ẹni tó fẹ́ di Ọnọ́rébù

Àbúrò mi,

Mo pè ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́jọ́bọ̀, o ò gbé e. Mo mọ ìdí rẹ̀. Àwọn tó wá sọ fún mi pé o ti ń wá owó fọ́ọ̀mù kiri ìlú ti lọ bá ìwọ náà pé inú ẹ̀gbọ́n rẹ ò dùn sí i. Bí o ò bá gbé fóònù mi, o ò kúrò lórí Facebook láti àárọ̀ dalẹ́, ibẹ̀ ni mo gbé ọ̀rọ̀ mi wá. Kí ayé bá mi jẹ́rìí.

Mi ò fẹ́ dí ọ lọ́nà o. Ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni ọ́. Ká ní ọdún tí èmi náà jáde du ipò yìí nìyí ni, òfin fúnra rẹ̀ ni ì bá dá ọ padà, torí ẹni tí kò bá pé ọgbọ̀n ọdún kò lè du ipò aṣòfin ìpínlẹ̀ nígbà náà. Ọdún 2018 ni wọ́n tún un ṣe, tó di ọdún 25. Mo rántí bí ìwọ àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ ṣe ń kí ara yín kú oríire. Ààrẹ tó fọwọ́ sí i lẹ ń yìn. Ẹnikẹ́ni nínú yín ò rántí pé bí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ 24 nínú 36 kò bá kọ́kọ́ gbà á wọlé, kò ní dé iwájú Ààrẹ rárá. Àwọn tí o fẹ́ lọ dara pọ̀ mọ́ yìí ló ṣí ilẹ̀kùn fún ọ, o ò sì dúpẹ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ mi ń lọ gan-an nìyẹn. Iṣẹ́ tí o fẹ́ lọ ṣe yìí, kò sẹ́ni tí yóò bi ọ́ nípa rẹ̀.

O ṣì kéré lọ́dún 2014, wọn ò sọ gbogbo rẹ̀ fún ọ. Mo ta ilẹ̀ tí bàbá pín fún mi lọ́nà Ìbòdì. Dẹ́lígéètì mọ́kànlélógójì, àwọn tó máa dìbò yan olùdíje ẹgbẹ́, ló wá sí pálọ̀ mi lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìdìbò abẹ́nú. Iyán la gún, torí ta ló ń fi àmàlà ṣe Ìjẹ̀ṣà lálejò? Wọ́n jẹ, wọ́n mu, oníkálukú gba àpò ìwé tirẹ̀. Bàbá arúgbó kan nínú wọn gbá mi mọ́ra, ó ní, “Ọmọ wa ni ọ́.” Omi bọ́ lójú mi. Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí wọ́n ka ìbò tán, mẹ́rin ni tèmi. Mo jókòó síbẹ̀, mò ń ṣírò ẹran inú ọbẹ̀. Mi ò rí ẹni tí mo lè fẹjọ́ rẹ̀ sùn, torí ẹni tó fowó ra ìbò kò ní ẹjọ́ kankan lẹ́nu. Ẹ̀bi tèmi ni.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìbò mẹ́rin yẹn ló ń dùn mí títí dòní. Ìwé kan ni. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í rìn kiri wọ́ọ̀dù, ìyàwó mi ra ìwé olójú-ewé ọgọ́ta, ó ń kọ ohun tí àwọn èèyàn bá wá bèèrè sínú rẹ̀. Páànù bọ́ńdù méjì fún ṣọ́ọ̀ṣì. Jẹnẹrétọ̀ fún mọ́sáláṣí. Owó ìdáná fún ọmọ kápẹ́ńtà. Jẹ́sì fún àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù lẹ́yìn ilé wa. Ẹnì kan fẹ́ kí n bá òun gba ọ̀kadà lọ́wọ́ ọlọ́pàá. Ìyá kan wá bèèrè owó pósí, nígbà tí ìyàwó mi sì kí wọn kú àṣẹ̀yìndè ọkọ wọn, wọ́n ní rárá o, bàbá ṣì wà láyé, ṣùgbọ́n kò ní pẹ́ mọ́.

Ojú ìwé mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ló kọ kún. Mo ti kà á tó ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá. Kò sí ibì kan tí ẹnì kan ti bèèrè pé, òfin wo lo fẹ́ lọ ṣe.

Má bú wọn. Ṣé o rántí ìgbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin ń wá iṣẹ́ olùkọ́? Èmi ni mo lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà ọnọ́rébù kan láago mẹ́fà àárọ̀. A ti lé ní ogún níbẹ̀. Ọkùnrin náà jáde pẹ̀lú jalabíà, oorun ṣì wà lójú rẹ̀, kò tíì bọ́ sílẹ̀ tán tí a fi dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Mi ò bi í nípa ìṣúná ìpínlẹ̀. Kò tiẹ̀ wá sí mi lọ́kàn.

O mọ̀ pé òṣómàálò ni bàbá wa àgbà. Wọ́n á ta aṣọ láwìn fáwọn èèyàn ní ìlú òkèèrè, tọ́jọ́ owó bá pé, wọ́n á lóṣòó sẹ́nu ilẹ̀kùn onígbèsè, wọ́n á ní òṣó làwọn máa ló títí àwọn á fi gbowó. Bí òṣèlú ṣe rí nìyẹn, àfi pé ìwọ lo máa san owó, ìwọ náà lo tún máa jẹ gbèsè. Ẹni tó gba àpò ìwé rẹ kó tó dìbò, òun ni yóò kọ́kọ́ lóṣòó síwájú ilé rẹ lẹ́yìn ìbò.

Wo Yunifásítì Iléṣà. Kọ́lẹ́ẹ̀jì tí wọ́n ti ń kọ́ olùkọ́ ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Òfin ló sọ ọ́ di yunifásítì. Ilé aṣòfin Ọ̀ṣun ló ṣe é, Gómìnà Oyètọ́lá fọwọ́ sí i ní 2022. Timothy Owoeye tó ń ṣojú Ìlà Oòrùn Iléṣà ni abẹnugan ilé nígbà náà. Ìyá kan wà tó ń ta ìrẹsì fáwọn ọmọ ilé ìwé yẹn, ọjà wọn kì í kù dalẹ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo sọ fún wọn pé òfin kan tí wọ́n jókòó ṣe ní Òṣogbo ló kó oníbàárà wá bá wọn. Wọ́n ní, “Òfin kẹ̀? Ọlọ́run ni.” Wọ́n fi pọ̀ǹmọ́ kan lé oúnjẹ mi, ọ̀rọ̀ parí.

Ṣé o lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́rin? Ọjọ́ 181, ó kéré tán, ni òfin ní kí ilé máa jókòó lọ́dún. O máa ka ìwé ìṣúná tó nípọn ju Bíbélì màmá rẹ lọ. Tí gómìnà bá kọ̀ láti fọwọ́ sí òfin tí ẹ ṣe láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, ẹ lè tún un gbé kalẹ̀, kí ìdá méjì nínú mẹ́ta yín sọ ọ́ di òfin láìsí ọwọ́ rẹ̀. Ẹni 26 lẹ jẹ́, ẹni 18 ni yóò dìde nìyẹn. Lọ wá ẹni 18 tó máa dìde níwájú gómìnà, kí o wá ròyìn fún mi.

Ohun tó sì jẹ́ kó le ni bí wọ́n ṣe ń wọlé. Láti ìgbà tí ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ti dá Arẹ́gbẹ́ṣọlá tiwa láre pé òun ló wọlé gómìnà ní oṣù Kọkànlá 2010 ni ìbò gómìnà Ọ̀ṣun kò ti bá tàwọn aṣòfin rìn mọ́. Adélékè wọlé ní oṣù Keje 2022. Nígbà tó fi di ọjọ́ 18 oṣù Kẹta 2023 tí a dìbò aṣòfin, ó ti wà lórí àga, ẹgbẹ́ rẹ̀, PDP nígbà náà, sì kó 25 nínú àga 26. Bẹ́ẹ̀, APC ló kún inú ilé yẹn fọ́fọ́ ní 2019. Ṣé gbogbo àwọn tó lọ ni kò ṣiṣẹ́ ni? Ṣé gbogbo àwọn tó dé ló gbọ́n? Afẹ́fẹ́ ló fẹ́. Ẹni tí afẹ́fẹ́ gómìnà gbé wọlé, báwo ló ṣe máa yíjú sí gómìnà kó ní kò gbọdọ̀ náwó báyìí?

Tí wọ́n bá yí ìbò mọ́ ọ lọ́wọ́, ọjọ́ 21 lo ní láti pẹjọ́, kòtẹ́milọ́rùn ló sì máa parí sí. Má jẹ́ kí lọ́yà kankan gba owó Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ lọ́wọ́ rẹ. Ní ti pé kí àwọn ará ẹkùn rẹ pè ọ́ padà láàárín sáà, àwọn tó ju ìdajì gbogbo ẹni tó forúkọ sílẹ̀ ló gbọ́dọ̀ buwọ́ lùwé kí wọ́n tó dìbò sí i. Ta ló fẹ́ kó ìyẹn jọ? Ṣùgbọ́n àwa ará Iléṣà ní ọ̀nà tiwa. O máa kọjá ní Ẹ̀rẹ́jà lọ́jọ́ kan, wọ́n á rí ọ, kò sẹ́ni tí yóò juwọ́.

Ìwé yẹn ṣì wà nínú àpótí ìyàwó mi, lábẹ́ léèsì tí mo rà fún ìbúra tí n kò ṣe. Wá lọ́jọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn, kí o kà á kí o tó sanwó fọ́ọ̀mù. Mú bírò dání. Ojú ìwé mẹ́ta ló ṣófo lẹ́yìn, kọ òfin tí o fẹ́ lọ ṣe síbẹ̀, kí èmi náà rí i. Tí o bá rí ẹyọ kan kọ, màá bá ọ rìn dé gbogbo wọ́ọ̀dù, ẹsẹ̀ tó ń dùn mí yìí náà ni màá fi rìn ín.

Iyán máa wà nílẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Ìsọ̀kùn, Iléṣà