Ẹ Má Dá Lọ Bá Ọ̀gá

Sí Olóòtú,

Ariwo pé àwọn iléeṣẹ́ kan fẹ́ dín òṣìṣẹ́ kù ti gba ìgboro Òṣogbo. Ẹ̀yin tọ́rọ̀ kàn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ bá ọ̀gá lọ́kọ̀ọ̀kan. Níbẹ̀ ni wọ́n ti máa ń gbé ìwé "mo fi iṣẹ́ sílẹ̀ fúnra mi" síwájú èèyàn. Ẹni tó bá buwọ́ lù ú lè pàdánù owó ìyọnilẹ́nuṣẹ́.

Ẹ yan aṣojú láti ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ kọ lẹ́tà kan ṣoṣo, kí iléeṣẹ́ lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tiyín. Ẹ tọ́ka sí abala 20 Òfin Iṣẹ́: agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ sọ fún ẹgbẹ́ tàbí aṣojú ìdí tó fi fẹ́ yọ èèyàn àti bó ṣe máa pọ̀ tó, ẹni tó dé kẹ́yìn ló ń kọ́kọ́ lọ, àmọ́ wọ́n lè wo ìmọ̀ iṣẹ́ mọ́ ọn. Agbanisíṣẹ́ tún gbọ́dọ̀ sapá láti bá yín dúnàádúrà lórí owó. Abala yìí ò dárúkọ iye kankan, ìdí nìyẹn tí ohùn yín fi gbọ́dọ̀ ṣọ̀kan.

Kí wọ́n tó yọ ẹnikẹ́ni, ẹ kọ́kọ́ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gé ófátáìmù, kí wọ́n má sì gba èèyàn tuntun.

Kí kálukú ya fọ́tò lẹ́tà ìgbàsíṣẹ́ àti ìwé owó oṣù rẹ̀ báyìí, kí wọ́n tó ti géètì mọ́ ọn. Ẹ yẹ àkáǹtì ìfẹ̀yìntì wò: ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù láti ọ̀dọ̀ yín àti ìdá 10 láti ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́, ṣé ó ń wọlé lóṣooṣù? Èyí tí wọ́n bá jẹ yín ní gbèsè, ẹ kọ ọ́ sínú lẹ́tà náà.

Àwa ẹlẹ́gbẹ́ òṣìṣẹ́,
Òkè-Fìà, Òṣogbo.