Wọ́n sanwó egbò, wọn ò sanwó tìmùtìmù

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú àfaradà.

Físíò ni mí, èmi ni mo máa ń ran aláìsàn lọ́wọ́ kí ara wọn lè padà máa ṣiṣẹ́, ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, ọ̀rọ̀ kan ló ká mi lára tí mo fi ní kí n kọ̀wé sí yín, torí mo mọ̀ pé àwọn tọ́rọ̀ kàn ń ka ìwé ìròyìn yín, àtẹni tó jókòó sọ́fíìsì HMO, ìyẹn iléeṣẹ́ tó ń fi owó ìnṣọ́ránsì ìlera sanwó ìtọ́jú, àtẹni tí ìyá ẹ̀ wà nílé tí ò lè dìde. Ọ̀rọ̀ owó wíìṣíà, kẹ̀kẹ́ ìjókòó àwọn tí ò lè rìn, ni, àti owó gbogbo nǹkan táwọn aláìsàn wa fi ń ṣe ara wọn lóore, tìmùtìmù ìjókòó, ọ̀pá ìtìlẹ̀, ẹsẹ̀ onírin, ẹ̀rọ ìgbọ́ràn. Àwa táa ń tọ́jú wọn la máa ń kọ lẹ́tà pé kí wọ́n bá wọn san án, ọ̀pọ̀ lẹ́tà yẹn ló sì ń kú sórí tábìlì.

Ẹ jẹ́ n sọ ti obìnrin télọ̀ kan, mo ti gbàṣẹ lẹ́nu ẹ̀ kí n tó kọ ọ́ síbí. Ọkọ̀ ló gbá ọ̀kadà tó wà lórí ẹ̀, eegun ẹ̀yìn ẹ̀ ṣẹ́, láti ìdodo wálẹ̀ kò mọ nǹkan kan mọ́, tẹ́ẹ bá fi abẹ́rẹ́ gún un lẹ́sẹ̀ kò ní mọ̀. Nígbà tó fẹ́ máa lọ sílé mo kọ lẹ́tà sí HMO tí ibi iṣẹ́ ọkọ ẹ̀ ń lò, ìlà mẹ́ta péré, pé ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá wa wá wíìṣíà fún un. Wọ́n ní kò sí nínú ohun táwọn ń san, pé nǹkan ìdẹ̀ra ni. Làwọn ará ilé ẹ̀ bá lọ gba ọ̀kan lára èyí tí olóṣèlú kan ń pín, wọ́n yà á ní fọ́tò, gbogbo wa ń yọ̀.

Wíìṣíà yẹn tóbi jù ú. Ìdí ẹ̀ ò ju ínṣì 15, ìjókòó yẹn jẹ́ 18, rọ́bà tí wọ́n tẹ́ sí i sì ti wọ̀ láàárín, ló bá ń fì sápá òsì ní gbogbo ìgbà. Èmi àtẹ̀yin, táa bá jókòó pẹ́, ìdí á máa ro wá, a ó sún díẹ̀, a ò tiẹ̀ ní mọ̀ pé a sún. Òun ò rí ohun tó máa kìlọ̀ fún un. Eegun ìdí ń tẹ ẹran mọ́ ìjókòó, ẹ̀jẹ̀ ò ráyè kọjá, inú lọ́hùn-ún ni ẹran ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í kú kí ojú ara tó mọ̀. Ọjọ́ tí ọmọ ẹ̀ rí i pé aṣọ màmá òun tutù lẹ́yìn, ìka méjì ti ń wọ inú egbò yẹn. Oṣù mẹ́ta ló fi dojúbolẹ̀ ní wọ́ọ̀dù. HMO kan náà yẹn ló san owó bẹ́ẹ̀dì, owó abẹ́rẹ́, owó báńdéèjì ojoojúmọ́ àti owó iṣẹ́ abẹ. Owó tó bá egbò yẹn lọ, á ra wíìṣíà tó bá a mu, á ra tìmùtìmù ẹ̀, á tún ṣẹ́kù. Owó egbò wà nínú ìwé wọn, owó ohun tí ò ní jẹ́ kí egbò wáyé ni ò sí níbẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí ò yé mi títí dòní.

Mi ò ní di gbogbo ẹ̀bi rù wọ́n o. Lẹ́tà báárà lèmi náà kọ́kọ́ kọ, mo tọrọ, mi ò ṣàlàyé. Kí n tó kọ èkejì mo lọ sílé ẹ̀. Tépù tó fi ń wọn aṣọ wà lọ́rùn ẹ̀, mo gbà á, mo fi wọn ìdí ẹ̀, mo wọn itan ẹ̀ dé ẹ̀yìn orúnkún, mo wọn ojúgun, mo wá lọ wọn ẹnu ọ̀nà ilé ìwẹ̀. Ínṣì 24 ni. Wíìṣíà tí wọ́n fún un lé ní 26, àṣé gbígbé ni wọ́n ń gbé e wọlé bí àpò ìrẹsì, tí ìdí ẹ̀ ń ha sìmẹ́ńtì. Ó ń wò mí bí mo ṣe ń wọn nǹkan, ó ní "Dókítà, tí mo bá rán aṣọ fún yín láì wọ̀n yín, ṣé ẹ máa gbà á?"

Mo kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, ìwọ̀n ara ẹ̀, ìwọ̀n ilé ẹ̀, egbò tó ti ní àti iye tí wọ́n fúnra wọn ti ná lé e lórí, wíìṣíà táa ti dán wò àti ìdí tí ò fi bá a mu, wákàtí tó ń lò lórí ìjókòó, pé ó fẹ́ padà sídìí máṣíìnì ọlọ́wọ́ ẹ̀, àti ohun tó máa ṣẹlẹ̀ tí wọn ò bá san. Ojú ewé mẹ́ta. Wọ́n fà á fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, àmọ́ wọ́n san.

Ẹ̀yin físíò àti nọ́ọ̀sì ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ má sọ pé iṣẹ́ akọ̀wé nìyẹn. Ìwé tí WHO, àjọ ìlera àgbáyé, gbé jáde ní 2008 lórí wíìṣíà, ìgbésẹ̀ 8 ló wà níbẹ̀, wíwá owó ni ìkẹrin, wọ́n kà á mọ́ iṣẹ́ bí wọ́n ṣe ka àyẹ̀wò àti ìtúnṣe mọ́ ọn. Àjọ kan náà àti UNICEF sọ ní 2022 pé àwọn tó nílò irú nǹkan báyìí láyé lé ní bílíọ̀nù 2.5, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bílíọ̀nù kan tí ọwọ́ wọn ò tẹ̀ ẹ́. Nílé wa níbí, Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí òfin tó ní ká má fìyà jẹ àwọn tó ní ìpèníjà ara, oṣù kìíní 2019 nìyẹn, òfin NHIA, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìnṣọ́ránsì ìlera, sì sọ ìnṣọ́ránsì yìí di dandan fún gbogbo wa ní 2022. Kí ni dandan yẹn wá wúlò fún ẹni tí ò lè dé ilé ìwẹ̀?

Ẹ̀yin HMO, ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún ò pọ̀, ẹ fi ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí síbi tí wọ́n ti ń ka lẹ́tà wa, tẹ́ẹ bá sì máa kọ̀, ẹ kọ ìdí ẹ̀ síwèé ká lè fèsì. Lẹ́tà ọmọkùnrin ọlọ́dún mẹ́jọ kan ti wà lọ́dọ̀ yín láti oṣù márùn-ún sẹ́yìn, ọrùn ẹ̀ ò dúró, ìjókòó tó ń lò ti kéré sí i. Ọmọ yẹn ń dàgbà lójoojúmọ́, ẹ dá wa lóhùn kí ìwọ̀n tí mo mú tó di èyí tí ò wúlò mọ́.

Èmi ni tiyín,
Físíò kan, Ìbàdàn.